Títú Ilẹ̀ àti Owó Ajílẹ̀ Nínú Oko Àgbàdo

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀nà tí a ń gbà ṣètò ilẹ̀ fún àgbàdo kì í ṣe ẹyọ kan. Àwọn àgbẹ̀ kan ń fi ọkọ́ kọ ebè, àwọn kan ń háyà katakata láti tú ilẹ̀. Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ kì í tú ilẹ̀ rárá. Wọ́n á ṣán koríko tàbí kí wọ́n fín oògùn apakoríko sí i, wọ́n á sì gbin àgbàdo sáàárín pòròpórò ọdún tó kọjá. Nínú èrò tèmi, ní ilẹ̀ Yorùbá níbí, àgbẹ̀ tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ ná an sórí katakata. Ajílẹ̀ ni kí ó rà, kí ó sì jẹ́ kí pòròpórò bo ilẹ̀ rẹ̀.

Kì í ṣe pé mo kórìíra katakata. Èmi náà háyà rẹ̀ ní ọdún kejì tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Éékà méjì ni wọ́n tú fún mi, ilẹ̀ náà sì mọ́ bí àgbàlá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Nígbà tí àgbàdo kan orúnkún, mo fọ́n yúríà káàkiri orí ilẹ̀. Ní òru ọjọ́ náà gan-an ni òjò ńlá rọ̀. Ọ̀gbàrá gbá erùpẹ̀ òkè oko lọ sínú odò, ó sì gbá owó mi mọ́ ọn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ewé àgbàdo mi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Baba tí oko wa jọ pààlà, tí kò tú ilẹ̀ rárá, kórè ju èmi lọ. Ó wò mí, ó ní, “Tíṣà, ẹ bọ́ aṣọ lára ilẹ̀ kí òjò tó dé.” N kò rí èsì fún un.

Àwọn onímọ̀ náà ti sọ ohun tí baba yìí sọ. Ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, Ọ̀mọ̀wé Rattan Lal, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, ṣiṣẹ́ láti 1970 títí di 1987. Ìwádìí rẹ̀ fi hàn pé ilẹ̀ tí a tú, tí a sì fi sílẹ̀ ní ìhòòhò, ń pàdánù erùpẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí pòròpórò bò kì í pàdánù púpọ̀. Ní 2020 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn World Food Prize. Ilẹ̀ wa kò lọ́ràá jìnnà; òkè ibẹ̀ ni ọ̀rá rẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí á wá ṣe ìṣirò díẹ̀. Àgbàdo gbígbẹ tọ́ọ̀nù kan máa ń kó nǹkan bí kílò 15 náítírójìn kúrò lóko. Àpò yúríà onílò 50 ní kílò 23 náítírójìn nínú. Àpò NPK 15-15-15 tó wọ̀n bákan náà ní kílò méje ààbọ̀ péré. Ẹni tó bá wá náítírójìn nìkan lọ sọ́jà yóò ra NPK tó ju àpò mẹ́ta lọ kí ó tó rí ohun tó wà nínú àpò yúríà kan. Nítorí náà, kí á má ṣe béèrè iye owó àpò nìkan, kí á béèrè iye tí kílò náítírójìn kan ń bọ̀ sí. NPK wúlò ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn èròjà méjì yòókù tó wà nínú rẹ̀; yúríà ló yẹ kí ó tẹ̀ lé e. Ní 2022, nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ láàárín Rọ́ṣíà àti Ukraine, owó ajílẹ̀ fò sókè káàkiri ayé, a kò sì yọ́ sílẹ̀ níbí, bí wọ́n tilẹ̀ ń ṣe yúríà ní Eleme àti ní Lẹ́kí.

Síbẹ̀, àìtúlẹ̀ ní ìṣòro tirẹ̀, irọ́ ni yóò jẹ́ bí mo bá fi pamọ́. Bí pòròpórò bá ń jẹrà, àwọn kòkòrò àìfojúrí á kọ́kọ́ fa náítírójìn inú ilẹ̀ mu, àgbàdo kékeré á sì máa ráhùn. Bí a bá fọ́n yúríà sórí pòròpórò, púpọ̀ nínú rẹ̀ á di afẹ́fẹ́, á sì fò lọ. Ilẹ̀ tí màlúù ti tẹ̀ le gbagidi nílò ìtúlẹ̀ lóòótọ́. Ní ti ẹ̀kan, àdá nìkan kò ká a. Ní Orílẹ̀-èdè Benin, láti ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn àgbẹ̀ kan ń gbin irú yèrèpè kan tí kì í yúnni, kí ó lè bo ẹ̀kan mọ́lẹ̀; ó sì tún ń fún ilẹ̀ ní náítírójìn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní tèmi, n kò háyà katakata mọ́. Igi ṣóńṣó ni mo fi ń lu ihò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí àgbàdo kọ̀ọ̀kan, mo ń da yúríà ìdérí ìgò kan sí i, mo sì ń fi ẹsẹ̀ bò ó. Ó ń gba ọjọ́ mẹ́ta lórí éékà méjì, ẹ̀yìn sì ń dùn mí, ṣùgbọ́n odò kò rí ajílẹ̀ mi gbà mọ́.