Òfin ti de fífẹnukò lórí iye ọjà, ta ló ń wọ̀n ọ́n wò l'Ékìtì?

Láti oṣù kìíní ọdún 2019 tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ti buwọ́ lu òfin ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà, ó ti di èèwọ̀ ní Nàìjíríà pé kí àwọn ọlọ́jà kóra jọ, kí wọ́n fẹnu kò sí iye kan ṣoṣo, tàbí kí wọ́n dínà mọ́ ẹni tó fẹ́ ta tirẹ̀ ní ẹ̀dínwó. Àjọ FCCPC ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ìbéèrè mi ò le rárá: báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá òfin yìí ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ tiwa?

Àjọ náà ò sùn o. Ní oṣù keje 2024, wọ́n bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta tó ni Facebook àti WhatsApp lórí, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sì fọwọ́ sí i ní oṣù kẹrin 2025. Ní ìparí oṣù kẹjọ 2024, ọ̀gá àjọ náà, Tunji Bello, fún àwọn ọlọ́jà ní oṣù kan péré kí wọ́n fi jáwọ́ nínú ọ̀wọ́n gógó àmọ̀ọ́mọ̀ṣe. Àpẹẹrẹ tó mú wá ni bílẹ́ńdà kan tó jẹ́ 89 dọ́là ní Texas, tí wọ́n ń tà ní 944,999 náírà ní Victoria Island l'Ékòó.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń wá bílẹ́ńdà Victoria Island wá sí Èmùré? Tiwa ni gàrí, iṣu, tòmátì àti kòkó. Ẹ jẹ́ ká sọ pé obìnrin kan ru tòmátì bọ̀ láti oko, tí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ àfi tó bá san owó ẹgbẹ́, tàbí kó tà á fún ọmọ ẹgbẹ́ ní iye tí wọ́n bá pè é. Ta ló máa sọ fún un pé òfin wà? Níbo ló ti máa lọ rojọ́?

Kì í ṣe òní nìjọba ti ń tún ọjà ṣe. Ní 1937, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń ra kòkó ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà fẹnu kò pé àwọn ò ní bá ara wọn figagbága lórí iye. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast, tó di Ghana lónìí, fárígá, wọn ò ta kòkó fún wọn. Ní 1947, wọ́n dá bọ́ọ̀dù kòkó sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ó wá di pé ìjọba ló ń dá iye lé e. Ní 1986, ìjọba Babangida tú bọ́ọ̀dù ká, ẹni tó bá lówó lè máa rà.

Ṣé ó ṣàǹfààní? Owó tó ń dé ọwọ́ àgbẹ̀ lọ sókè kíákíá. Àmọ́ kòkó tí ò gbẹ dáadáa tún kún ọjà, torí olùrà ń sáré kó o kí ẹlòmíì tó dé. Ọdún yẹn kan náà ni náírà ṣubú: nígbà tí 1986 bẹ̀rẹ̀, náírà kan àti dọ́là kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nígbà tí 1987 fi máa parí, dọ́là kan ti di bíi náírà mẹ́rin. Ẹni tó bá ní ìdíje nìkan ló gbé owó kòkó sókè, ara rẹ̀ ló ń tàn.

Wọ́n tún lè fi irú ẹ̀ tàn wá báyìí. Ní oṣù kejìlá 2024, kòkó kọjá 12,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan lọ́jà àgbáyé, torí ìkórè ò dáa ní Ghana àti Côte d'Ivoire. Kí 2025 tó parí, ó ti já wálẹ̀ sí bíi ìdajì. Òfin kọ́ ló gbé e sókè, òfin kọ́ ló jù ú sílẹ̀.

Nítorí náà, kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun, kí wọ́n kọ́kọ́ kọ bí nǹkan ṣe wà sílẹ̀: iye kọ́ńgò gàrí, owó ẹgbẹ́, owó ọkọ̀, àti bóyá síkéèlì oníkòkó pé. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọjà kan, kí wọ́n fi èkejì sílẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n wá fi méjèèjì wéra lẹ́yìn ọdún kan. Tí iye bá wálẹ̀ níbi méjèèjì, iṣẹ́ wọn kọ́ nìyẹn.

Kí wọ́n má sì ka orí olùrà nìkan. Èèyàn mẹ́wàá lè máa ra kòkó lábúlé kan, kó má sí ìdíje níbẹ̀. Àgbẹ̀ tó ti gba owó lọ́wọ́ ẹnì kan kí kòkó tó pọ́n, bóyá ó fi ra oògùn kòkó tàbí ó fi san owó ilé ìwé ọmọ, ẹni yẹn nìkan ló máa tà á fún, iye tó bá pè é náà ló máa gbà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó nìyẹn, òfin ìdíje nìkan ò lè yanjú ẹ̀.

Àwọn kan á ní kí wọ́n kúkú tú ẹgbẹ́ ọlọ́jà ká. Èmi ò sí níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ló ń parí ìjà, ẹgbẹ́ ló ń dúró ti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Kí wọ́n máa ṣe ìyẹn lọ, kí wọ́n fi iye ọjà àti ẹnu ọ̀nà ọjà sílẹ̀ ni.

Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ wa lè bẹ̀rẹ̀ eléyìí. Akọ̀wé kan tó ń lọ sọ́jà pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, tó ń bá ìyá tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sọ̀rọ̀, kó má jẹ́ alága ẹgbẹ́ nìkan. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé láti Àbújá tí wọ́n ní ọjà wa ti dáa, kò ní sí ohun tá a máa fi já wọn nírọ́.