Ta Ni Yóò Gba Sámáǹsì?

Akódà kóòtù mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó gun ọ̀kadà wọ Ayédé-Èkìtì láàárọ̀, ó há ìwé mọ́ abíyá, ó béèrè ilé, wọ́n sì júwe rẹ̀ fún un. Ó kanlẹ̀kùn, ó pe orúkọ ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́, ó gbé ìwé lé e lọ́wọ́. Bí onítọ̀hún bá kọ̀ ọ́, akódà á fi í sílẹ̀ níwájú rẹ̀, á padà sí kóòtù lọ búra pé òun ti jíṣẹ́. Bó bá sá lọ, adájọ́ lè ní kí wọ́n lẹ ìwé náà mọ́ ara ilẹ̀kùn. Láìjẹ́ pé ẹ̀rí yẹn wọ inú fáìlì, ẹjọ́ ò lè tẹ̀ síwájú. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ká wá ní obìnrin kan tó ń ta gààrí ní Ayédé yáwó lórí fóònù. Ó san án tán. Síbẹ̀, àwọn ayánilówó náà kọ̀wé sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù rẹ̀ pé olè ni: pásítọ̀ rẹ̀, àna rẹ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Ìtàjí. Ó gbéra, ó lọ bá lọ́yà ní Ìkọ̀lé. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí lọ́yà bi í ni pé, "Màmá, níbo ni ilé iṣẹ́ wọn wà?" Òkè òkun ni. Nǹkan kan ṣoṣo tó rí fi hàn ni àdírẹ́sì í-meèlì.

Lọ́yà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ kóòtù kó tó lè fi ìwé ìpẹ̀jọ́ ránṣẹ́ kọjá ẹnubodè. Owó ìyẹn lè ju owó gààrí ọdún kan lọ.

Òfin ilé iṣẹ́, CAMA ti ọdún 2020, dá kún un. Abala 78 ní ilé iṣẹ́ òkèèrè tó bá fẹ́ ṣòwò ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ níbí bí ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀, àyàfi àwọn tí ìjọba bá yọ̀ǹda. Kó tó ṣe bẹ́ẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ní ọ́fíìsì, kò sì gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́sì ìgbàwé, àfi fún ìwé ìforúkọsílẹ̀ náà. Ẹ wo ọ̀rọ̀! Òfin rò pé òun ń fìyà jẹ arúfin, ibi ìsápamọ́ ló kọ́ fún un. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ni akódà ń rí.

Àwọn ará Ogale àti Bille ní Ìpínlẹ̀ Rivers mọ bí ẹnu ọ̀nà kóòtù ṣe lè gùn tó. Lọ́dún 2015, wọ́n pe Shell lẹ́jọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí epo tó ba omi àti ilẹ̀ wọn jẹ́. Ilé iṣẹ́ òbí forúkọ sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ò ṣòro. Ilé iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ ti Nàìjíríà ló di àlejò ní kóòtù ọ̀hún, àfi kí adájọ́ yọ̀ǹda kí wọ́n tó lè fún un níwèé níbí. Àríyànjiyàn bóyá ẹjọ́ òbí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó láti fa ọmọ wọlé kò tán títí di ọjọ́ 12 oṣù Kejì 2021, nígbà tí Kóòtù Tó Ga Jù Lọ níbẹ̀ ní kí ẹjọ́ máa lọ. Títí di ìgbà yẹn, wọn ò tíì dé orí ọ̀rọ̀ epo rárá.

Títi ọjà pa kọ́ ni àpilẹ̀kọ yìí ń bẹ̀bẹ̀ fún. Nàìjíríà ti Twitter pa láti oṣù Kẹfà 2021 di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní 2022, lẹ́yìn tí Twitter gbà láti forúkọ sílẹ̀; àwọn ọlọ́jà kékeré tó ń polówó níbẹ̀ sì jìyà. Ní Bùràsíìlì, adájọ́ Alexandre de Moraes ti X, tó ń jẹ́ Twitter tẹ́lẹ̀, pa lóṣù Kẹjọ 2024 nítorí kò ní aṣojú lábẹ́ òfin nílùú. X yan aṣojú, ó san owó ìtanràn, wọ́n sì ṣí i padà lóṣù Kẹwàá. Aṣojú yẹn gan-an ni nǹkan tí à ń wá, láìsí àgádágodo.

Kí Ilé Aṣòfin Àgbà àti Kékeré tún abala 78 ṣe: ilé iṣẹ́ òkèèrè tó bá ń gbowó lọ́wọ́ ará Nàìjíríà, kó fi orúkọ àti àdírẹ́sì ẹnìkan tó ń gbé níbí sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, kí ẹni náà máa gba ìwé kóòtù. Bí kò bá fi sílẹ̀, kí ìwé tí akódà bá mú lọ sí CAC, tí wọ́n tún fi ránṣẹ́ sí í-meèlì tí ilé iṣẹ́ náà fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, tó. Àwọn kan á ní èyí á lé olókòwò lọ. Orúkọ kan àti àdírẹ́sì kan? Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń béèrè irú aṣojú bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó bá forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, ọjà wọn ò sì dá.

Èkìtì ò ní láti dúró de Abuja lórí gbogbo rẹ̀. Abala 274 nínú òfin orílẹ̀-èdè fún Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ lágbára láti ṣòfin ìlànà Kóòtù Gíga, nítorí náà ọ̀rọ̀ í-meèlì lè bẹ̀rẹ̀ láti Adó. Ní ti abala 78, aṣòfin tó ń ṣojú Ìkọ̀lé àti Oyè ní Abuja ni kí ará Ayédé kọ̀wé sí, kí ó sì bi í pé bí akódà bá mú sámáǹsì obìnrin onígààrí yẹn lọ́wọ́ lónìí, ilé ta ni kó gbé e lọ.