Ìkànìyàn, Oríkì àti Kọ̀ǹpútà



Gramps ni mo fi ń to ìtàn ìdílé mi ní Ọ̀tà jọ. Ní abẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan ni àyè wà fún ẹ̀rí àti àwòrán. Ọmọ Ẹ́ńgílándì á fi fọ́tò ìwé ìkànìyàn 1921 síbẹ̀, èyí tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún aráyé ní 2022: orúkọ ará ilé, ọjọ́ orí wọn, iṣẹ́ wọn.

Tiwa ńkọ́? Ìkànìyàn 2006 ní ènìyàn 526,565 ló wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà. Kò sí orúkọ ẹnìkan nínú ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde. Wọn kò tilẹ̀ béèrè ẹ̀yà ẹni nígbà náà.

Ní tèmi, ìyá àgbà tó mọ oríkì orílẹ̀ wa jẹ́ ẹlẹ́rìí tó tó gbọ́. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tó kì í àti ibi tó ti kì í. Ẹ fi ohùn rẹ̀ àti fọ́tò agboolé tì í. Oríkì kì í sọ ọdún, ó sì máa ń yinni kọjá ààlà. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Àmì ohùn ńkọ́? Òjó tí kò ní àmì lè di òjò, ó sì lè di ojo!

Ní abẹ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, àyè ohùn ṣì ṣófo. Mo kọ oríkì tó kì sílẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gba ohùn rẹ̀ kí ó tó papòdà ní 2019.