Ẹ̀gbẹ́ Dọ́gba Nìkan Kò Tó

Mo tún gbọ́ ọ lánàá, ó sì ti sú mi. Ọmọ àbúrò mi gbé ìwé iṣẹ́ rẹ̀ wá hàn mí. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohun tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba lè má jẹ́ síkúwéà. Olùkọ́ rẹ̀ sì fa bírò pupa gba orí rẹ̀ kọjá. "Bí ẹ̀gbẹ́ bá ti dọ́gba, igun dọ́gba nìyẹn": ohun tí wọ́n ń wí kiri nìyí, àtẹni tó kàwé àtẹni tí kò kà. Irọ́ ni. Ọmọ yẹn ló jàre.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó fa igi ìgbálẹ̀ mẹ́rin yọ, kó gé wọn dọ́gba, kó fi òwú so orí wọn pọ̀ kó di onígun mẹ́rin. Kó wá fi ìka kan ti igun kan jẹ́jẹ́. Á wọ́ ni! Igun méjì á fún, méjì á là. Ta ló gé igi kankan kù? Ta ló fi kún un? Kò sẹ́nìkan. Rọ́ńbọ́ọ̀sì ni èyí, Euclid ará Gíríìsì sì ti yà á sọ́tọ̀ kúrò lára síkúwéà láti nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Jésù. Ó ti lé ní 2,000 ọdún, ẹ ṣì ń fi bírò pupa pa á rẹ́!

Bàbá mi ò ka Euclid, káfíńtà ni. Bó bá kan férémù fèrèsé tán, kì í wọn ẹ̀gbẹ́ kó dákẹ́. Á na tépù láti igun òkè lọ́wọ́ òsì dé igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, á tún wọn òdìkejì. Bí méjèèjì ò bá bára mu, férémù ti wọ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni bíríkìlà tó mọṣẹ́ ń ṣe lórí ìpìlẹ̀. Ẹ gbé yàrá tí ògiri rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 3 yẹ̀ wò. Bí igun rẹ̀ bá tọ́, igun sí igun á jẹ́ mítà 4.24 lọ́nà méjèèjì. Bí igun méjì bá fún di dígírì 80, ọ̀nà kan á di mítà 4.60, èkejì á di 3.86, ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì ṣì jẹ́ mítà 3 géérégé. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tẹ́ táìlì ni onílé á mọ̀, owó rẹ̀ ló sì máa bá a lọ.

Wọ́n á ní onígun mẹ́ta ńkọ́? Òun nìkan ni. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta kò ríbi tẹ̀ sí, dígírì 60 ni igun rẹ̀ dandan. Ìdí tí káfíńtà fi ń kan igi láti igun dé igun sẹ́yìn ilẹ̀kùn pákó nìyẹn. Wọ́n rí ọ̀kan yìí, wọ́n wá fi dájọ́ gbogbo yòókù!

Ti ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ márùn-ún ńkọ́? Ẹ ya síkúwéà, ẹ gbé onígun mẹ́ta ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ dọ́gba lé e lórí bí òrùlé, ẹ pa ìlà àárín rẹ́. Ẹ̀gbẹ́ márààrún dọ́gba, igun rẹ̀ sì jẹ́ 90, 90, 150, 60, 150.

Kí ẹ̀gbẹ́ dọ́gba, kí igun náà sì dọ́gba: ọ̀ràn méjì ni, ẹ wọn méjèèjì.

Ẹ̀yin olùkọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ mú ìgbálẹ̀ wọ kíláàsì lọ́la. Ẹni tó sì fa ìlà pupa yẹn, kó dá máàkì ọmọ náà padà fún un.