Ẹ Jẹ́ Kí Pásítọ̀ Náà Lè Dùbúlẹ̀ Àìsàn

Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí, níbi tí òǹkọ̀wé yín ti ní kí ìjọ máa gba ìwé ẹ̀rí ìlera lọ́wọ́ pásítọ̀ lọ́dọọdún, kí ẹni tí dókítà bá ní ara rẹ̀ kò dá sì gbé iṣẹ́ sílẹ̀. Ìsọ̀ mi ní Ọjà Àárín Gbùngbùn Tamale ni mo ti kà á. Mo délé, mo tún un kà. Mi ò fara mọ́ ọn, torí mo ti fi ojú ara mi rí ohun tí irú òfin bẹ́ẹ̀ ń fà níbi tí kò ti sí ìsinmi àìsàn.

Ìjọ kan wà nílùú yìí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Pásítọ̀ wọn máa ń wá ra òwú àti bọ́tìnì lọ́wọ́ mi fún ìyàwó rẹ̀ tó ń ránṣọ. Lọ́jọ́ kan, nínú ọyẹ́ tí gbogbo wa ń gbọ̀n, ó fara ti òpó ìsọ̀ mi, òógùn bò ó. Mo ní, "Bàbá, kí ló dé?" Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, oògùn òun ti tán láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ kí àwọn alàgbà gbọ́. Ìwé àdéhùn rẹ̀ fẹ́ parí, ìjọ sì ti sọ pé ẹni tí yóò gba òmíràn gbọ́dọ̀ mú ìwé dókítà wá. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ní ìsọjí ń bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ọjọ́ kẹta ìsọjí náà ló ṣubú lórí pẹpẹ, àrùn rọpárọsẹ̀ sì mú un lápá òsì. Oṣù méjì péré ni wọ́n fi sanwó fún un, wọ́n ní kó kó kúrò nílé ìjọ kí pásítọ̀ tuntun lè wọlé. Ọjọ́ tí wọ́n ń kó lọ, mo rí ìyàwó rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń pè ní yẹ́lò-yẹ́lò, ó di ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ mú bí ẹni gbé ọmọ.

Òǹkọ̀wé yín lè ní bí wọ́n bá ti ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún ni, kì bá tí rí bẹ́ẹ̀. Rárá o. Ẹni tó mọ̀ pé èsì àyẹ̀wò ló máa gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ òun kò ní sọ òótọ́ fún dókítà. Àìsàn ni yóò máa gbé pamọ́, títí yóò fi gbé e ṣánlẹ̀.

Kò rí báyìí tẹ́lẹ̀. Àwọn bàbá wa Yorùbá tó gbé ìjọ Baptist wá sí ọ̀pọ̀ ìlú ní Ghana, oníṣòwò ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tó wàásù ní Sọ́ńdè ló ń pàtẹ ní Mọ́ńdè. Bí ara rẹ̀ kò bá yá, ìyàwó tàbí ọmọ á dúró ti ìsọ̀, wọn á sì jẹun. Pásítọ̀ òde òní kò ní ìsọ̀. Àwa ìjọ la ní kó fi òwò sílẹ̀, kó gbájú mọ́ iṣẹ́ Ọlọ́run.

Mi ò lòdì sí àyẹ̀wò. Ìjọ Áńgílíkà ní Íńgíláǹdì ń ṣe é: lábẹ́ ìlànà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011, bíṣọ́ọ̀bù lè ní kí àlùfáà lọ rí dókítà bí ìlera rẹ̀ bá ń kọ ọ́ lóminú. Ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ló kọ ẹ̀tọ́ àlùfáà sí owó nígbà àìsàn sílẹ̀. Òǹkọ̀wé yín mú apá kan, ó fi èkejì sílẹ̀. Ní Ghana níbí, Òfin Iṣẹ́ ti 2003, Act 651, kò fọwọ́ sí kí wọ́n lé òṣìṣẹ́ torí àìsàn ìgbà díẹ̀ tí dókítà jẹ́rìí sí. Ṣé ilé Ọlọ́run ló yẹ kó le ju òfin ìjọba lọ?

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé àìnígbàgbọ́ ni kí pásítọ̀ dùbúlẹ̀. Pọ́ọ̀lù fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn, kò bá a wí. Ó dá Epafirodítù padà sí Fílípì lẹ́yìn tí àìsàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, ó sì ní kí wọ́n fi ayọ̀ gbà á. Ìsinmi àìsàn nìyẹn.

Ìjọ tó bá ní òun kò lówó, kó gbọ́ ti SSNIT, àjọ owó ìfẹ̀yìntì ìjọba. Ẹni tó bá ti san owó rẹ̀ fún oṣù 12 ó kéré tán nínú oṣù 36 tó ṣáájú, tí ìgbìmọ̀ dókítà sì jẹ́rìí pé kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́, ní owó tí yóò máa gbà lóṣooṣù. Ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ tún ń ti ibẹ̀ lọ sí NHIS, ètò ìbánigbófò ìlera ìjọba, fún ìtọ́jú rẹ̀. Pásítọ̀ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí sin ìjọ yẹn fún ọdún mẹ́sàn-án. Kò sẹ́ni tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ ìjọ, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ mú ìwé àdéhùn pásítọ̀ yín jáde ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, kí ẹ wá ibi tí wọ́n ti dárúkọ àìsàn nínú rẹ̀. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ kọ iye ọjọ́ àti iye owó sí i kí ẹ tó rán an lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Oníwọ́rọ̀ṣọ́bọ̀,
Ọjà Àárín Gbùngbùn, Tamale.