Mọ́tò tí a fọwọ́ ara wa kàn, ta ló máa fún un ní nọ́ńbà?

"Bọ̀ọ̀dá mi, tí mo bá kàn án tán, ṣé ọlọ́pàá ò ní mú mi?"

Àbúrò mi kan ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, pẹ̀lú fọ́tò Ford ọdún 1932 kan tí kò ní òrùlé. Ẹnjiníà ni lórí ìwé, wẹ́dà ni lójú ayé. Ó fẹ́ jó férémù rẹ̀ fúnra ẹ̀ ní Mushin, kó ra ẹ́ńjìnnì àlòkù ní Ládípọ̀, kó wá lu páànù bò ó títí tó fi máa jọ ti inú fọ́tò yẹn. Torí pé mo ka òfin, ó rò pé ìdáhùn wà lápò mi. Kí n má parọ́, kò sí níbẹ̀.

California ni irú mọ́tò yìí ti gbajúmọ̀. Hot rod ni wọ́n ń pè é. Model T tí Ford ṣe láti 1908 sí 1927 pọ̀ débi pé ọmọ tálákà lè rí àlòkù rẹ̀ rà. Ní 1932, Ford tún gbé ẹ́ńjìnnì V8 jáde ní owó tí apá mẹ̀kúnnù ká. Àwọn ọ̀dọ́ á tú mọ́dígáàdì dànù, wọ́n á yọ gbogbo ohun tó bá wúwo, wọ́n á sì gbé e lọ sí Muroc, adágún tó ti gbẹ, tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ bí ẹní.

Wọ́n sáré ní títì náà o, ọlọ́pàá sì ń lé wọn kiri. Ọmọ ìta ni àwọn àgbà kà wọ́n sí. Ṣùgbọ́n ní 1937, àwọn ẹgbẹ́ tó ń sáré ní adágún kóra jọ, wọ́n dá SCTA sílẹ̀, wọ́n sì gbé òfin kalẹ̀ fún ara wọn. Ní 1951, Wally Parks dá NHRA sílẹ̀, kí eré náà lè kúrò láàrin ìlú. Lónìí, òfin California ní ìsọ̀rí kan fún mọ́tò tí èèyàn kàn fúnra ẹ̀: wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà ìdánimọ̀.

Ní ìlú ọba, IVA ni wọ́n ń pe àyẹ̀wò tiwọn. Wọ́n á wo bíréèkì, sítíárì, èéfín, ibi tí wọ́n so bẹ́líìtì mọ́. Kódà wọ́n á wo etí irin tó mú, kó má baà gé èèyàn. Bó bá kùnà, wàá lọ tún un ṣe, wàá padà wá. Bí wọn ò bá mọ ọjọ́ orí mọ́tò náà, nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Q ni wọ́n á fún un. Mo fẹ́ràn Q yẹn gan-an. Bí ẹni ń sọ pé: a ò mọ bàbá ẹ, àmọ́ wọlé.

Tiwa ńkọ́? Rìsíìtì, ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, nọ́ńbà chassis. Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù wo ni ẹni tó kan mọ́tò ní Mushin fẹ́ mú wá? Òkun wo ló gbà kọjá?

Ní 2014, Segun Oyeyiola, akẹ́kọ̀ọ́ OAU ní Ifẹ̀, sọ Volkswagen ìjàpá di mọ́tò tó ń lo oòrùn àti afẹ́fẹ́. Ìròyìn rẹ̀ dé òkè òkun. A pàtẹ́wọ́, a ṣe share, a lọ sùn.

Ẹni tó bá ní mọ́tò àfọwọ́kàn lè pa èèyàn ò parọ́. Férémù tí wọn ò jó dáadáa lè dá sí méjì lórí Third Mainland. Ìdí tí mo ṣe ń bèèrè àyẹ̀wò nìyẹn. Tòkunbọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ ò mú ń kọjá lójoojúmọ́ torí ìwé rẹ̀ pé. Ìwé kọ́ ló máa dá mọ́tò dúró. Kí FRSC àti VIO ya ọ̀nà kan sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ yìí: fọ́ọ̀mù kan, àyẹ̀wò tó le, nọ́ńbà tí wọ́n á tẹ̀ sára irin.

Mo ti dá àbúrò mi lóhùn. Mo ní kó má tíì gbé e sí títì. Kó ya fọ́tò gbogbo ibi tó bá jó, kó tọ́jú rìsíìtì, àgàgà ti ẹ́ńjìnnì, kó sì parí bíréèkì kó tó ronú kan ọ̀dà.

Ó fèsì pé òun ti ra ọ̀dà. Pupa ni.