Ta Ni Akọni Obìnrin? Èsì fún Àwọn Tó Ń Yin Agojie àti Àwọn Tó Ń Bẹ̀rù Wọn

  



Ọ̀rọ̀ kan bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa lẹ́yìn àṣàlátù ọjọ́ Àìkú kan ní North York níhìn-ín, kò sì tíì tán nílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa bẹ̀bẹ̀ pé kí á jẹ́ kí àwọn fi ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan wo fíìmù The Woman King pọ̀ nínú gbọ̀ngàn tí a ń háyà. Bàbá kan dìde, ó ní fíìmù tí obìnrin ti ń gbé idà, tó ń gbá ọkùnrin mọ́lẹ̀, àìgbọràn ló ń kọ́ ọmọbìnrin, kò sì yẹ kí a bá a láàárín mùsùlùmí. Arábìnrin kan fèsì pé ìtàn àwa Adúláwọ̀ ni, pé ó yẹ kí inú wa dùn pé aráyé ti wá mọ̀ pé obìnrin wa lágbára. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí wákàtí tí a sanwó fún fi pé, a sì túká láìfẹnukò. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ló ṣì í, àwọn ọmọ wa ni yóò sì jìyà àṣìṣe náà. Ìdí nìyí tí mo fi gbé kálàmù.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń jà lé lórí. Ìlú wa yìí gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi fíìmù náà han aráyé, níbi àjọ̀dún fíìmù Toronto, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022. Gina Prince-Bythewood ló darí rẹ̀. Viola Davis ló ṣe Nanisca, ọ̀gágun àwọn Agojie, ìyẹn àwọn obìnrin ọmọ ogun ọba Dàhómì, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Benin lónìí. Ọdún 1823 ni ìtàn inú rẹ̀ dá lé, nígbà tí Ọba Ghezo fẹ́ bọ́ lábẹ́ ìṣákọ́lẹ̀ tí Dàhómì ń san fún Ọ̀yọ́. Nínú fíìmù náà, àwọn Ọ̀yọ́ ni ìkà. Ọmọ Nàìjíríà, Jimmy Odukoya, ló ṣe ọ̀gágun Ọ̀yọ́ tí wọ́n pè ní Oba Ade, ẹni tó ń kó ènìyàn tà fún àwọn òyìnbó. Àwọn Agojie ni olùgbàlà.

Ẹ̀yin tó ń yìn ín ni n ó kọ́kọ́ kọjú sí. Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta ọdún 1851, Ghezo yìí kan náà kó ogun wá bá Abẹ́òkúta, àwọn Agojie sì wà nínú ogun náà. Wọn kò wá tú ẹrú kankan sílẹ̀. Ẹrú ni wọ́n wá kó. Ìtàn tí a bá nílé ni pé ìgbà tí àwọn Ẹ̀gbá mú ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n tó mọ̀ pé obìnrin ni àwọn ń bá jà, láti ìgbà náà ni ìjà sì ti di àjàkú-akátá. Wọ́n lé Dàhómì padà. Glele, ọmọ Ghezo, tún gbìyànjú ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹta ọdún 1864, wọ́n sì tún ṣẹ́gun rẹ̀. Àwọn ìlú Yorùbá mìíràn kò rí bẹ́ẹ̀ là: Dàhómì fọ́ Ìṣàgá ní ọdún 1862, ó sì pa Kétu run ní ọdún 1886.

Ẹ tún gbọ́ ti Oluale Kossola, ọ̀dọ́mọkùnrin Yorùbá kan. Ní ọdún 1860, ogun Dàhómì ya wọ ìlú rẹ̀, obìnrin sì wà lára àwọn tó ń pa, tó ń mú. Wọ́n tà á, ọkọ̀ ojú omi Clotilda gbé e lọ sí Alabama, ibẹ̀ ló sì kú sí ní ọdún 1935 láìfojú kan ilé mọ́. Ó ti rojọ́ ara rẹ̀ fún Zora Neale Hurston kí ó tó kú, ìwé náà sì jáde ní ọdún 2018. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni fíìmù yìí dé, a sì jókòó, a ń pàtẹ́wọ́ fún àwọn tó mú un.

Mo mọ̀ pé fíìmù náà kò fi gbogbo rẹ̀ pamọ́. Nanisca ń rọ ọba pé kí ó fi òwò epo pupa rọ́pò òwò ẹrú. Mo sì mọ̀ pé ọwọ́ tiwa náà kò mọ́. Ọ̀yọ́ ta ẹrú. Ẹfúnróyè Tinúbú, tó wá ohun ìjà fún àwọn Ẹ̀gbá nígbà ogun Dàhómì, tí wọ́n sì fi jẹ Ìyálóde ní ọdún 1864, òun náà ti ta ẹrú rí. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá àgbà òṣìkà ni, n kò sì fẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mò ń bèèrè ni pé, kí ló sọ jagunjagun di akọni? Bí ó bá jẹ́ agbára apá nìkan ni, a jẹ́ pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó gba ìlú là àti ẹni tó kó ìlú. Bí ọkùnrin bá kó ẹrú, ìkà ni. Bí obìnrin bá kó ẹrú, ìkà náà ni. Ẹ̀tọ́ obìnrin kò lè jẹ́ ẹ̀tọ́ láti bá ọkùnrin pín nínú ìwà ìkà. Ní Cotonou, wọ́n gbé ère obìnrin jagunjagun kan nàró ní ọdún 2022, gíga rẹ̀ tó mítà 30. Àwọn ará Benin lẹ́tọ̀ọ́ láti rántí àwọn ìyá ńlá wọn. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tiwa tó kan sáárá sí idà yẹn, ó yẹ kí ó mọ ọrùn ẹni tí ó ti bẹ́.

Ó wá kan ẹ̀yin bàbá wa, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ ní obìnrin tó gbé idà kò sí nínú ẹ̀sìn wa. Ta wá ni Nusaybah ọmọ Ka‘b, tí à ń pè ní Ummu Umarah? Ní ọjọ́ ogun Uhud, ní ọdún kẹta lẹ́yìn Hijra, omi ló gbé lọ fún àwọn tó fara gbọgbẹ́. Nígbà tí ogun yí padà, tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin sá, obìnrin yìí gbé omi sílẹ̀, ó mú idà, ó sì dúró gbàgbàgbà níwájú Ànábì títí ọgbẹ́ fi bo ara rẹ̀. Ànábì kò ní kí ó padà sílé lọ gúnyán. Àdúà ni ó ṣe fún un. Àwọn àgbà tiwa náà sọ ọ́: kí ọkùnrin rí ejò, kí obìnrin pa á, kí ejò ṣáà ti kú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún dá mi lóhùn èyí. Kí ni àwọn ọmọkùnrin yín ń wò lórí fóònù wọn lálẹ́? Ọkùnrin kan ṣoṣo ni wọ́n ń wò tó ń fi ìbọn pa ọgọ́rùn-ún ènìyàn kí eré tó parí, n kò sì tíì gbọ́ wáàsí kan ṣoṣo lórí ìyẹn. Bí ìpànìyàn kò bá ba ọmọkùnrin jẹ́ lójú yín, tí ìgboyà wá ń ba ọmọbìnrin jẹ́, a jẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀sìn ni ẹ ń gbèjà. Ipò ni.

Ohun tó burú nínú àwọn fíìmù wọ̀nyí wà, mo sì rí i, ṣùgbọ́n kò sí lára idà. Ó wà nínú pé wọn kì í jẹ́ kí akọni àti ìyá gbé inú ènìyàn kan. Òfin àwọn Agojie ni pé wọn kò gbọdọ̀ lọ́kọ, wọn kò gbọdọ̀ bímọ. Nínú fíìmù náà, Nanisca bí ọmọ, ó sì gbé e fún ẹlòmíràn kí ó lè máa bá iṣẹ́ ogun lọ. Nínú Black Widow tó jáde ní ọdún 2021, àwọn ìkà yọ ilé-ọmọ àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n fẹ́ sọ di apànìyàn. Ẹ̀kọ́ tí ọmọ mi ń kó níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ di ènìyàn pàtàkì ní láti kọ́kọ́ bọ́ ìwà ìyá sílẹ̀ bí ẹni bọ́ aṣọ, kí ó tó gbé ìwà ọkùnrin wọ̀. Wọ́n ní àwọn ń gbé obìnrin ga, síbẹ̀ ọkùnrin náà ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n.

Ìtàn tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ Nusaybah àti ọmọ rẹ̀ méjì wà ní Uhud pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà fara gbọgbẹ́, ìyá rẹ̀ ló di ọgbẹ́ náà, ó sì ní kí ó dìde padà sójú ìjà. Ìyá ni, akọni sì ni, ní ojú ẹsẹ̀ kan náà.

Nana Asma’u, ọmọ Shehu Usman dan Fodio, tí wọ́n bí ní ọdún 1793, ìyá ọlọ́mọ ni òun náà. Ó ń kọ ewì ní èdè Lárúbáwá, Fúlàní àti Haúsá. Ó kó àwọn obìnrin jọ sábẹ́ ẹgbẹ́ Yan Taru, ó ń kọ́ wọn, ó sì ń rán wọn padà sí abúlé wọn láti kọ́ àwọn tó wà nínú ilé. Ìjọba tí bàbá rẹ̀ dá sílẹ̀ náà kó ẹrú, n kò sì ní kí á bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ ni mò ń tọ́ka sí. Ọdún 1864 ló kú, ọdún kan náà tí Glele kó ogun wá sí Abẹ́òkúta. Èwo nínú àwọn méjèèjì ni iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà láàyè lónìí?

Ẹ súnmọ́ ilé díẹ̀ sí i. Ní Ìbàdàn, wọn kò gba ọmọ Alhaja Humuani Alága, oníṣòwò aṣọ, sí ilé-ẹ̀kọ́ nítorí pé mùsùlùmí ni. Ó kó àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ Isabatudeen sílẹ̀ ní ọdún 1958, wọ́n sì dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní ọdún 1964. Kò gbé idà. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ló mọ orúkọ rẹ̀? Bèèrè lọ́wọ́ wọn ní ilé-kéwú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nanisca ni wọn yóò dárúkọ fún ọ, ẹni tí wọ́n fi eré ṣe, nítorí pé a kò fún wọn ní ẹlòmíràn. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ibi tó ti dùn mí jù lọ nìyí. Ní Markham, tí kò jìnnà sí wa rárá, ni wọ́n ti tọ́ Iman Vellani dàgbà, ọmọbìnrin mùsùlùmí tó ṣe Ms. Marvel ní ọdún 2022. Nínú eré náà, akọni tó ń fò lójú òfuurufú kọ́ ni mo rántí jù. Nakia ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, ọmọbìnrin tó ń wé hìjáàbù, tó rí i pé apá ibi tí àwọn obìnrin ti ń kírun ní mọ́sálásí wọn ti bàjẹ́, tó sì du ipò nínú ìgbìmọ̀ mọ́sálásí náà, tó sì wọlé. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta eré fún owó ló rí ohun tí àwa kò fẹ́ rí. Nínú ẹgbẹ́ wa, àwọn obìnrin ló ń se oúnjẹ ìṣínu, àwọn ló ń gbálẹ̀ gbọ̀ngàn, owó wọn ló sì pọ̀ jù nínú owó tí a fi ń háyà rẹ̀. A ní Ìyá Àdínì, a ní Ìyá Sùnnà, oyè tó dára. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń pinnu bí a ó ṣe ná owó ọdún, kò sí obìnrin kan. Bàbá tó ń bẹ̀rù obìnrin inú fíìmù ni ó fi obìnrin tòótọ́ sí ìdí ìkòkò.

Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ni mò ń bèèrè, kí Rọ̀mọ̀dọ́ọ̀nù tó wọlé. Èkíní, kí àwọn ọ̀dọ́ wo fíìmù náà, kí àgbà kan tó mọ ìtàn Abẹ́òkúta àti ti Kossola bá wọn jókòó, kí wọ́n sì jọ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí a bá kà léèwọ̀ níwájú àgbà, ẹ̀yìn àgbà ni wọn yóò ti wò ó. Èkejì, kí a kọ́ àwọn ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ní ìtàn Nusaybah, Asma’u àti Humuani Alága ní ilé-kéwú, bí a ti ń kọ́ wọn ní ìtàn Umar àti Khalid. Ẹ̀kẹta, kí a fi ó kéré tán obìnrin méjì sínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò owó. Bí ẹ̀kẹta yìí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tún ṣe wáàsí fún àwọn ọmọ wa nípa ẹ̀tọ́ tí ẹ̀sìn fún obìnrin. Ojú wọn ni wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ ju etí lọ.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ọmọbìnrin tí kì í bẹ̀rù òtítọ́, kí Ó sì fún wa ní ọmọkùnrin tí kì í bẹ̀rù irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀. Àmín.